Àyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Táyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kútọnu, àádọ́ta fàráǹkì ni wọ́n fi ń ya fótò kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ẹ má fojú kékeré wo àádọ́ta fàráǹkì nígbà náà o. Àkàsà mẹ́wàá ni, ẹja díndín á sì wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó wá ya fótò. Wọ́n á fi òróró àgbọn para, wọ́n á yá bàtà ọ̀rẹ́ wọ̀, wọ́n á wá dúró gbagidi níwájú ẹ̀rọ bí ẹni tí adájọ́ fẹ́ dá lẹ́jọ́. Lónìí, Nafí ọmọ ọmọ mi ya ọgọ́ta fótò kí n tó mu kọfí àárọ̀ mi tán, kò sì ná fàráǹkì kan. Ó yà mí níbi tí mo ti ń yọ egungun ẹja léyín. Ó ya ológbò. Ó ya ife kọfí náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń yà á nìkan ló wọ́n. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, mo ní kó tún un sọ, nítorí láyé bàbá mi, owó yẹn á ra ilẹ̀ méjì ní Godomey, á sì tún ku ti ẹran tí wọn yóò fi ṣí ilé.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ fótò kan ṣoṣo tó jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí òórùn ilé fótò ayé ìgbà náà. Omi tí wọ́n fi ń fọ fótò máa ń kan bíi fínígà. Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀: fínígà tó ń bọ̀ láti yàrá òkùnkùn bàbá mi lẹ́yìn ilé, àti àkàrà tí ìyá mi ń dín níwájú ilé, lẹ́bàá ọ̀nà. Orí ẹní mi ni méjèèjì ti máa ń pàdé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn fínígà nínú sàláàdì, àkàrà ló máa ń wù mí jẹ.

Fótò tí mo ń wí yìí wà lọ́wọ́ mi fún ọdún tó ju ọgọ́ta lọ. Òjò ọdún tó kọjá ló wọ ilé mi ní Fidjrossè, ó sì bá a nínú àpótí. Nígbà tí mo gbé e jáde, apá òsì rẹ̀ ti bó kúrò lára páálí bí awọ alángbá. Ọmọ méjì ló wà nínú fótò yẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù, èmi ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń wo ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. N kò lè fara dà á. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹ̀mí bá wà, n ó dá ẹnì kejì yẹn padà sí àyè rẹ̀ kí ojú mi tó ṣú. Ohun tó jẹ́ kí n gbà láti kọ́ nípa ẹ̀rọ Nafí nìyẹn, èmi tí mo ti bú àwọn ẹ̀rọ tuntun wọ̀nyí títí ẹnu fi gbẹ mí.

Ṣakété ni bàbá mi ti wá, Pobè ni ti ìyá mi. Zongo ni a ń gbé, kò jìnnà sí mọ́sálásí. Iyanrìn ni gbogbo àgbàlá wa, a sì máa ń gbọ́ ohùn òkun bí ọjà bá ti tú. Bàbá Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ àpótí dúdú kan tó ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí òkè ló fi ń wo èèyàn, èyí ìsàlẹ̀ ló ń ya fótò. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà pàápàá, ìbejì ni.

Ìbejì ni èmi náà. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ̀lé e, bí àwa Nàgó ṣe ń ka tiwa. N kò rántí ojú rẹ̀. Ibà ló mú un lọ kí a tó pé ọmọ ọdún méjì, kò sì sí fótò rẹ̀ kankan. Bàbá mi tó ń ya gbogbo ayé kò ya àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó ń dúró kí a tó ẹni tí í jókòó jẹ́ẹ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Táyé kú. Aládùúgbò wa kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Sẹ̀nami, Fọn ni, igi ìdáná ló ń tà. Lọ́dọ̀ àwọn Fọn, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Ọ̀rọ̀ yẹn tu ìyá mi nínú, ó mú un wọlé, ó sì di èdè ilé wa. "Táyé dà?" "Ó lọ ṣẹ́gi." Ọmọdé tí ilé rẹ̀ fara kan ilé ẹni tó ń ta igi, kí lẹ fẹ́ kó rò? Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì igi Ìyá Sẹ̀nami, mò ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

"Kẹ́hìndé! Kí lo sọ nù sínú igi mi?"

"Mo ń wá èyí tí àbúrò mi ṣẹ́ ni, Ìyá."

Ó wò mí títí. Ó fi etí aṣọ nu imú. "Tirẹ̀ kò tíì dé," ó ní. "Igbó tó lọ jìnnà díẹ̀. Ó yá, di igi mi padà bó ṣe wà, olórí kunkun."

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá ìyá mi ránṣẹ́ láti Pobè pé ó ti tó kí wọ́n gbẹ́ ère Táyé, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé àwọn ìyá wọn. Bàbá mi ní mùsùlùmí kì í gbẹ́ ère. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó kàn jẹ́ pé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àkàrà bàbá mi nìkan ló ń jóná. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo ti gbọ́. Kì í ṣe ère ni n ó fún ọ. N ó ya Táyé ní fótò."

Àwọn ayafótò Nàgó ìgbà náà mọ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ilé wa nìkan ni ọ̀kan nínú ìbejì ti lọ ṣẹ́gi. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n wọ̀ mí ní dànṣíkí funfun, fìlà sì wà lórí mi, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí àgbàlá nínú oòrùn, wọ́n sì ní kí n jókòó sí apá òsì rẹ̀. Bàbá mi fi páálí dúdú kan, tó gé bí ìlàjì àwo, bo ojú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ké bí ewúrẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ dún: ṣákà.

"Ó dára. Dìde báyìí, lọ jókòó sí apá ọ̀tún. Fi àyè sílẹ̀ fún àbúrò rẹ."

Mo sún lọ. Ó yí páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣé Táyé ti dé ni? Mo yí ojú sí àyè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, mò ń wò ó bóyá n ó rí i bí yóò ṣe jókòó. Bàbá mi kò ní kí n yí ojú padà. Ó ya fótò náà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fótò jáde, ọmọ méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó wà lápá òsì ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, èmi, ń wò ó tìyanu-tìyanu. Láàárín wa, ìlà kan lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú rírán aṣọ. Ìyá mi gba fótò náà, ó gbé e sáyà, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú agbada, àkàrà sì ń jóná níwájú rẹ̀, kò bìkítà. "Ẹ wò ó," ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ, "ẹ wo bí Kẹ́hìndé ṣe ń wo àbúrò rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bó bá ń fún mi ní àkàrà, méjì ni: "Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti àbúrò rẹ." Èmi ni mo ń jẹ méjèèjì, ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n simi. Táyé wá, mi ò rí i, ẹ̀rọ rí i. Níbo ló gbà lọ? Lẹ́yìn ìrònú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, mo pinnu pé kò lọ rárá. Ó ṣì wà nínú àpótí ojú méjì yẹn.

Báyìí ni ọjọ́ Iléyá ṣe dé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Kútọnu nígbà náà mọ ohun tí Iléyá jẹ́ fún ayafótò. Kò sí aṣọ tuntun tí kò gba iwájú bàbá mi kọjá lọ́jọ́ náà. Alájì Sàlíù, onímọ́tò tó ń ná ọ̀nà Godomey, fa àgbò rẹ̀ wá, àgbò funfun báláú bí òwú, ó ní kí wọ́n ya òun pẹ̀lú rẹ̀ kí òun tó pa á. Fíìmù kún. Ọ̀sán pọ́n, bàbá mi gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó lọ bá wọn pín ẹran. Mo mú àkàrà kan tí mo ti fi pamọ́ láti àárọ̀. Mo ti rí bí bàbá mi ṣe ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Mo ṣí i. Mo pè wọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, "Táyé." Kò dáhùn. Ohun kan ló ká jọ síbẹ̀, ó gùn, ó ń dán. Mo rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló sá sí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde nínú oòrùn.

Ìdòwú àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ti ń wo bí wọ́n ṣe ń tú ẹran láti àárọ̀. Ó sáré lọ bá àwọn àgbà, ó ń ké: "Ẹ wá o! Kẹ́hìndé ti fa ìfun ẹ̀rọ Bàbá jáde!"

Bàbá mi dé, ọ̀rá ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fíìmù nílẹ̀. Gbogbo Iléyá Zongo ló wà nílẹ̀ yẹn. Mo ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí mi.

"Kí lò ń wá?"

"Táyé ni."

Ó rí àkàrà tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó wá ibi jókòó. Mo retí igbájú, kò dé. Ó kàn sọ pé, "Lọ jẹ ẹran rẹ. Lọ́la ìwọ á wọ yàrá òkùnkùn."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ tì mí mọ́ ibẹ̀ ni. Àṣé ó fẹ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nínú ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré tí wọ́n máa ń tàn níbẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sórí itan rẹ̀. Ó ní, "O mọ bí ìyá rẹ ṣe ń dín àkàrà. Ìmọ́lẹ̀ ni iná tiwa. Fíìmù ni àkàrà. Bí iná bá pọ̀, kì í jẹ́ kó pẹ́ nínú epo. Bí iná bá kéré, á ní sùúrù fún un. Iná púpọ̀, àsìkò púpọ̀, èédú lo máa jẹ. Iná kékeré, àsìkò kékeré, ẹ̀wà tútù ni." Ó fi ihò tó wà láàárín ojú ẹ̀rọ hàn mí, bó ṣe lè là gbòò, bó sì ṣe lè sún kì bí ẹyinjú ológbò nínú oòrùn. Ìyẹn ni ìwọ̀n iná. Ó fi ìlẹ̀kùn kékeré kan hàn mí tó ń ṣí, tó sì ń padé pẹ̀lú ariwo ṣákà náà. Bó ṣe pẹ́ tó lójú ṣíṣí ni àsìkò. Ohun kẹta ni fíìmù fúnra rẹ̀. Ó ní irú èyí tó máa ń tètè jinná wà, irú èyí tó máa ń pẹ́ wà. Èyí tó ń tètè jinná dára níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í dán, á rí ṣákaṣàka bíi gàrí tí wọn kò kù.

"Ohun tí ìwọ ṣe lánàá," ó ní, "o da gbogbo àkàrà Iléyá sínú iná."

Lẹ́yìn náà ló mú fíìmù fótò èmi àti Táyé jáde, tó funfun níbi tó yẹ kó dúdú, tó dúdú níbi tó yẹ kó funfun. Ó gbé páálí dúdú náà lé e. Ó fi hàn mí bí òun ṣe bo ìlàjì ojú ẹ̀rọ, tí òun yà mí, tí òun kò yí fíìmù síwájú, tí òun bo ìlàjì kejì, tí òun tún yà mí.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín nígbà náà?" ni mo bi í.

"Ìwọ ni."

Mo sunkún jáde lọ bá ìyá mi. Mo ní Bàbá tan wá jẹ, kò sí Táyé nínú fótò. Kò dáwọ́ àkàrà dúró. Ó ní, "Ta ló bí yín? Ṣé mi ò ní mọ ojú ọmọ mi? Ojú kan náà lẹ jọ gbé wá sáyé. Nígbà tó ń lọ, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bàbá rẹ kò purọ́, ó kàn yá a padà fún mi ni. Ó yá, jẹun." Méjì ló fún mi.

Ní ti fíìmù Iléyá, bàbá mi lọ bẹ̀bẹ̀ láti ilé dé ilé, ó sì mú mi dání. Mo rò pé wọ́n á lù mí pa. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohun tí mò ń wá nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, àwọn obìnrin a sì gbé ẹran méjì lé mi lọ́wọ́: "Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá, gbogbo Zongo tún wọ aṣọ Iléyá wá ya fótò. Alájì Sàlíù nìkan ló níṣòro, nítorí àgbò rẹ̀ ti wọ inú ọbẹ̀. Ó lọ yá àgbò ẹnì kan tó fẹ́ fi sọmọ lórúkọ. Dúdú kirikiri ni. Nígbà tí fótò jáde tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè àgbò funfun tó fi yangàn, ó na ìka sí bàbá mi: "Fíìmù ló fà á! Ẹ̀yin ò mọ̀ pé nínú fíìmù, funfun a máa di dúdú?"

Ìyá Sẹ̀nami ní, "Alájì, aṣọ yín tó funfun ńkọ́? Kí ló dé tí kò di dúdú?"

"Aṣọ ní ẹ̀mí ni?" Alájì dáhùn, ó sì gbé fótò rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ físíìkì wa ń ya ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ sójú pátákó, ìlà lórí ìlà, gbogbo wa ń dà á kọ tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá mi ti dín gbogbo rẹ̀ kí n tó mọ̀wé kọ. Mo kàwé náà gboyè, mo fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ fótò mọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi. N kò mọ ìdí. Bóyá mo ṣì ń bẹ̀rù pé n ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nafí ló mú mi padà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ fótò, ó máa ń lọ ya àwọn tó wá ṣeré létí òkun ní Fidjrossè lópin ọ̀sẹ̀. Ó wá bá mi pẹ̀lú ìwé ìlò ẹ̀rọ náà, ìwé Faransé tó nípọn bí búrẹ́dì.

"Bàbá àgbà, ẹ gbà mí. Bí òkun bá dára nínú fótò, ojú èèyàn á dúdú bí èédú. Bí ojú èèyàn bá dára, òkun á funfun bíi wàrà. Àwọn oníbàárà mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀rọ ni. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀."

"Ọpọlọ rẹ̀ kò mọ ẹni tí o fẹ́ràn. Ìwọ lo máa sọ fún un. Bó bá jẹ́ ojú èèyàn lo wá yà, ojú èèyàn ni kó fi wọn iná."

Mo la ìwé náà. Ẹ ò ní gbàgbọ́, gbogbo ohun tí bàbá mi wí ló wà níbẹ̀. Ihò tó ń là tó sì ń sún kì wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé wà níbẹ̀. Fíìmù nìkan ni kò sí. Ní àyè rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà, tó kún fún ihò tíntìntín bí afárá oyin, ihò tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á wọn bó ṣe pọ̀ tó, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á sì kó àwọn nọ́ńbà náà pamọ́ sórí káàdì. Ẹ lè ní kí àwo náà tètè jinná tàbí kó pẹ́, láìpààrọ̀ ohunkóhun. Bó bá sì ti ń yára jù, fótò náà á rí ṣákaṣàka. Gàrí tí wọn kò kù, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún! Nafí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iná, àsìkò, àkàrà. Ó ní òun lóye ju bí ìwé náà ṣe sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí òkun àti ojú èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dára nínú fótò rẹ̀, mo mú fótò tí òjò bà jẹ́ jáde, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Páálí dúdú bàbá mi ṣì wà nínú agolo tí mo tọ́jú rẹ̀ sí.

"Bàbá àgbà, ìṣẹ́jú kan ni," Nafí wí. "N ó yà yín lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì lẹ̀ yín pọ̀ lórí fóònù."

"Rárá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ wá. Inú ẹ̀rọ ni kí a ti pàdé."

Kò jiyàn mọ́. Ó wá inú ẹ̀rọ náà kiri títí ó fi rí ibi tí a ti lè ní kó gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí fótò kan ṣoṣo. A gbé bẹ́ǹṣì sí àgbàlá. Mo wọ dànṣíkí funfun, mo dé fìlà. Ó yà mí lápá kan, ó yí páálí, ó yà mí lápá kejì. Fótò jáde lójú ẹ̀rọ, àwa méjèèjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà wà láàárín wa, ó tún nípọn ju ti bàbá mi lọ, ó dúdú bí òpó. Nafí tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìlà kò kúrò. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń wá bí yóò ṣe sọ fún mi pé kò lè ṣeé ṣe.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ronú. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oòrùn líle la wà, ihò ojú ẹ̀rọ sì ti sún kì. Nínú ihò tó sún kì, etí ohun gbogbo máa ń mú bí ọ̀bẹ, etí páálí náà pẹ̀lú. Bàbá mi kò ní ọ̀nà mìíràn, ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ tirẹ̀ kò yára tó, bó bá la ihò náà nínú oòrùn, fótò á jóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Nafí yára ju ìṣẹ́jú ojú lọ fíìfíì.

"La ihò náà dé ibi tó lè là dé," mo ní. "Kí o sì gé àsìkò kúrú."

"Iná púpọ̀, àsìkò kékeré," Nafí wí, ó ti ń yí i.

Mo tún jókòó sí apá òsì, ní àyè Táyé. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wo ẹ̀rọ. Mo yí ojú sí apá ọ̀tún.

"Bàbá àgbà, ẹ wo ibí."

"Yà mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí mò ń wò."

Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sí apá ọ̀tún, mo kọjú sí ẹ̀rọ. Nafí kò mọ̀ pé bàbá mi ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó bá ké bí ewúrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín tí eyín mi mẹ́rin tó kù fi hàn sí gbogbo ayé.

Ìlà kò sí. Ara kan náà ni bẹ́ǹṣì náà láti òpin dé òpin, bàbá arúgbó méjì sì wà lórí rẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èyí tó wà lápá òsì kò wo ẹlòmíràn bí kò ṣe òun. Ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń wo Táyé. Ó yẹ kí òun náà wò mí díẹ̀.

Ọmọ tó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ́jọ́ Iléyá kò mọ nǹkan kan, ó sì dá a lójú pé àbúrò òun wà níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ Nafí: ihò, ìlẹ̀kùn, àwo, nọ́ńbà. Síbẹ̀, nígbà tó ṣí i láti yọ káàdì rẹ̀, mo yọjú wo inú rẹ̀.

Nínú àwọn tó mọ fótò àkọ́kọ́ yẹn, bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ. Ìyá ìyá mi ti lọ tipẹ́, kò sì yéé béèrè ère rẹ̀ títí ó fi lọ. Alájì Sàlíù ti lọ. Àgbò dúdú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé funfun ni. Ìyá Sẹ̀nami ti lọ. Sẹ̀nami ọmọ rẹ̀ wà láàyè ní Ekpè, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ìdòwú wà láàyè ní Pobè, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì pa láti ọjọ́ Iléyá náà. Òun ni Nafí fi fótò tuntun náà ránṣẹ́ sí lórí fóònù. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín. Ta lẹni tó ń wò yín yẹn?"

"Táyé ni," mo ní. "Ó ti ibi igi dé."

Mo gbọ́ tí àwọn adìyẹ ń ké ní àgbàlá rẹ̀.

"Ó pẹ́ o," ó ní nígbà tó yá. "Ẹ bá mi kí i káàbọ̀."